Omi Tó Tán Lẹ́yìn Ẹja: Ọ̀rọ̀ Wa Pẹ̀lú Warri

  Ọ̀rọ̀ kan jáde ní ìpàdé wa tó kọjá ní Okumagba Layout tí a kò fẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sí ojú ewé yìí lónìí, kí gbogbo wa lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá àgbà kan ló dìde. Bàbá yìí ti ń ta aṣọ ní ìlú yìí láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì láya, tí kò tíì lọ́kọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, Warri ti tán. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo ti kó lọ, ọjà kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, owó ilé sì ń gòkè. Kí kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Àwọn kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan mi orí. Ìgbà náà ni ìyá kan tó ń ta ẹja gbígbẹ kúnlẹ̀ kí bàbá, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ìgbà wo lẹ dé etí odò gbẹ̀yìn?" Bàbá ronú títí, kò rí èsì fọ̀. Kò sì sí ẹni tó lè fi bàbá rẹ́rìn-ín, nítorí nígbà tí ìyá náà bi gbogbo ilé ní ìbéèrè kan náà, ọwọ́ tó gòkè kò tó márùn-ún. Ọwọ́ tiwa náà kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò jẹ́ ká sùn. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, a wọ kẹ̀kẹ́ láti Estate, ó di Miller Waterside. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibẹ̀ kò jìnnà sí wa rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tí a débẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé a wọ ìlú mìíràn. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tò sí èbúté, àwọn ọmọkùnrin ń ru ẹrù wọ inú wọn: àpò gàrí, àpò sìmẹ́ńtì, páànù ìkọ́lé, kéèsì ohun mímu, mátírẹ́ẹ̀sì, bàtà sílípáàsì, kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì. Ọkọ̀ kan ń lọ sí Ogbe-Ijoh, òmíràn ń lọ sí Burutu, àwọn mìíràn ń lọ sí abúlé etí omi tí orúkọ wọn kò tilẹ̀ sí létí wa rí. Àwọn ìyá tó ń ti odò bọ̀ ń já agbọ̀n ẹja, edé àti ìsáwùrú sílẹ̀.

A wá dúró, a wo ẹrù tó ń wọ ọkọ̀ dáadáa. Aṣọ àǹkárá tí ìyá oníbàárà kan dì sínú lailọ́ọ̀nù, ó jọ aṣọ tí àwọn ará wa ń tà ní Main Market. Kọ́kọ́rọ́, tọ́ọ̀ṣì, oògùn ibà, ìkòkò, ìwé àti bírò ọmọ ilé-ìwé, gbogbo rẹ̀ pátá ni àwọn ọmọ wa ń tà nínú ìlú. Ìgbà náà ló yé wa pé àwọn oníbàárà wa kì í ṣe àwọn òṣìṣẹ́ epo tó ti kó lọ nìkan. Odò ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa ti ń wá. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá gbéra ní etí omi, ọjọ́ náà ni aṣọ máa ń jókòó sí ìsọ̀. Àwa tí a jókòó sí ìdí ọjà ló máa ń sọ pé ọjà kò tà, a kò sì ní mọ ohun tó fà á.

Èrò tiwa ni pé Warri kò tíì tán. Odò rẹ̀ ló ń rẹ̀yìn, àti ìwà rere tí odò fi kọ́ ìlú yìí. Àwọn baba wa ní omi tó tán lẹ́yìn ẹja ló sọ ẹja di èrò ìṣasùn ọbẹ̀. Àwa àlejò onísòwò ni ẹja inú omi yìí. Bí omi náà bá ń lọ, ìwọ̀nba ohun tí ọwọ́ wa bá ká ló yẹ ká ṣe sí i, kì í ṣe ká máa di ẹrù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí irú ìlú tí a wà nínú rẹ̀. Ìlú etí omi kò dà bí ìlú orí òkè. Ìlú orí òkè lè ti ẹnubodè rẹ̀, kó máa jẹ iṣu inú oko rẹ̀. Ìlú etí omi kò ní oko tó tó, ohun tó ń bọ̀ àti ohun tó ń lọ ló ń jẹ. Bí àlejò kò bá wá, ebi ni. Ìdí nìyí tí àwọn ará etí omi fi máa ń yá àlejò mọ́ra, tí ẹnu wọn fi máa ń dùn, tí ojú wọn sì máa ń là kíákíá. Ìjọba Ìwẹrẹ, tí ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé Ginuwa ọmọ ọba Ìbíní tẹ̀ dó ní apá ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ti rán ọmọ ọba rẹ̀ kan lọ kàwé ní Potogí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún. Dom Domingos ni àwọn òyìnbó ń pè é, ó sì padà wálé wá jẹ Olú. Ẹ ronú sí i, nígbà yẹn ọ̀pọ̀ ìlú wa ní orí òkè kò tíì fojú kan òyìnbó rí. Odò ló gbé e lọ, odò náà ló gbé e bọ̀.

Bí a bá tún wo àwọn ìlú kéékèèké tó yí Warri ká, kálukú wọn ló ní iṣẹ́ tí odò fún un. Koko ni ààfin Nana Olomu wà títí dòní, tí wọ́n sọ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Nana ni gómìnà odò Benin nígbà ayé òwò epo pupa. Bó ṣe di òwò mú ló bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì nínú tí wọ́n fi yìnbọn ba Ebrohimi ìlú rẹ̀ jẹ́ ní 1894, tí wọ́n sì lé e kúrò nílé títí di 1906. Sapele ni ìlú igi. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood wà, títí tí igi kan fi ń jẹ́ orúkọ ìlú náà káàkiri ayé. Bí ẹ bá rí gbẹ́nàgbẹ́nà ní London tó ń sọ̀rọ̀ nípa igi sapele, ìlú tó wà lẹ́bàá wa níbí ló ń dárúkọ, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Burutu ni Royal Niger Company fi ṣe èbúté. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń wọ odò Ọya lọ dé Lokoja àti àwọn ìlú òkè, tí ẹ̀pà àti òwú sì ń bá a bọ̀ wálẹ̀.

Forcados ni ìtàn rẹ̀ kàn àwa Yorùbá jù. Ẹnu òkun Èkó kò jinlẹ̀ tó láyé àtijọ́, yanrìn ti dí i. Ọkọ̀ ńlá tó ń ti Liverpool bọ̀ kò lè wọ Èkó. Forcados ni wọ́n ń já ẹrù Èkó sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó wá gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe títí tí iṣẹ́ ẹnu òkun Èkó fi parí dé ibi tí ọkọ̀ ńlá fi lè wọlé ní nǹkan bí 1914. Ìyẹn ni pé ìgbà kan wà tí aṣọ tí àwọn ìyá wa ń rà ní Èkó, Forcados ló ti kọ́kọ́ fojú kan ilẹ̀. Nígbà tí Èkó la ẹnu òkun tirẹ̀ tán, iṣẹ́ náà bọ́ lọ́wọ́ Forcados. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a máa padà sórí rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Kì í ṣe àná ni a dé. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ni wọ́n fi ṣe igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, agbègbè yìí sì wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ títí tó fi kú ní 1917. Bíbélì Yorùbá àti ìwé orin Yorùbá ni ọ̀pọ̀ Itsekiri fi jọ́sìn fún ìgbà pípẹ́. Títí di 1963 tí wọ́n dá ẹkùn Mid-West sílẹ̀, Ìbàdàn ni olú-ìlú tí Warri ń wò. Akọ̀wé wá, tíṣà wá, òṣómàáló ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ lórí wá, àwọn ará Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Ìlọrin náà wá. Àwọn Ìlàjẹ kò tilẹ̀ gba orí títì wá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n tù wá, nítorí etí òkun kan náà ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí Warri bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀, tí epo rọ̀bì ń mú iṣẹ́ wá, ọ̀pọ̀ nínú wa rí yàrá gbà ní Okumagba Layout, ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Okumagba, ọmọ Urhobo. Níbẹ̀ ni a bímọ sí, níbẹ̀ ni a ti sọ ọ́ lórúkọ.

Bí etí wa bá sì là, a máa gbọ́ ohùn ara wa nínú ohùn àwọn tó gbà wá. Ẹ gbọ́ orúkọ Itsekiri yìí: Oritsetimeyin. Ta ni kò gbọ́ "tì mí lẹ́yìn" nínú rẹ̀? Oritsegbubemi: Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mi. Ode-Itsekiri ni ilé ọba wọn, bí a ti ní Òde Oǹdó àti Òde Ìrèlè nílé. Ọmọ Urhobo tó bá kí àgbà, "Migwo" ló máa sọ, èyí ni pé mo wà lórí ìkúnlẹ̀. Àgbà náà á ní, "Vrendo," dìde. Kí ló tún ku tí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé Yorùbá kò ní mọ̀ nínú ìyẹn? Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ti lo 20 ọdún níbí, a kò mọ "Migwo" í sọ. Píjìn nìkan ni a mọ̀. Píjìn kò burú, èdè èbúté ni, òun ló ń jẹ́ kí Ijaw, Itsekiri, Urhobo, Ìgbò àti Yorùbá lè ná ọjà kan náà, kí wọ́n sì jọ fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀ títí ọjọ́ á fi lọ. Kì í ṣe lásán ni Warri fi di ìlú àwọn aláwàdà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú onílé, kó gbọ́ èdè tí onílé fi ń gbàdúrà.

Ó yẹ ká wá sọ bí omi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìṣòro náà pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta ló wúwo jù lójú tiwa.

Àkọ́kọ́ ni èbúté fúnra rẹ̀. Ọwọ́ John Holt ni èbúté àtijọ́ wà kí àjọ NPA tó gbà á ní 1969. Lẹ́yìn náà, ìjọba kọ́ èbúté tuntun tó parí ní 1979. Ní àkókò kan náà ni ilé ìfọpo Ekpan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, tí ilé-iṣẹ́ irin Aladja sì tẹ̀ lé e ní 1982. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí nígbà yẹn lè jẹ́rìí sí bí ìlú ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá tó bá ń bọ̀ ní Warri, ẹnu odò Escravos ló gbọ́dọ̀ gbà. Wọ́n ti fi òkúta mọ odi síbẹ̀ láti nǹkan bí 1960 kí yanrìn má baà dí i, odi náà bàjẹ́, yanrìn sì ń wọlé. Ọkọ̀ tó bá jinlẹ̀ kò lè kọjá mọ́. Ohun tó ṣe Èkó kí ó tó di 1914 gan-an ló ń ṣe Warri báyìí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n ṣe ti Èkó, ti Warri kò tíì ṣe. Ilé ìfọpo náà ńkọ́? Ní 30 oṣù Kejìlá 2024 ni wọ́n kéde pé ó ti tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì pé oṣù kan tó tún fi dúró.

Èkejì ni ìjà. Ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé olú-iléeṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Warri South West láti Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, iná ràn. Ó tún ràn ní 1999, ó tún ràn ní 2003. Ilé jó, ọjà jó, òkú sùn. Àwọn ará wa kan sá wọ bárékè ológun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwọn ilé-iṣẹ́ epo kó òṣìṣẹ́ wọn lọ sí Port Harcourt àti Èkó, ọ̀pọ̀ kò sì padà mọ́. Nígbà tí INEC gbé àbá wọ́ọ̀dù ìdìbò tuntun jáde ní oṣù Kẹrin 2025 lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ, ara ìlú tún gbóná, àwa náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ẹ̀rí àti owó sínú báàgì kékeré sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá lóye ìdí tí bàbá àgbà fi ní ká máa di ẹrù, kó rántí báàgì yẹn.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n ń pè ní "deve," owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé tàbí já ẹrù. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí ti tọ́ ọ wò. Nígbà kan tí a fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù díẹ̀ tún ẹ̀yìn ìsọ̀ kan ṣe, ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wá gba owó, tí kálukú sì sọ pé àwọn ló ni àdúgbò. Owó tí wọ́n gbà pọ̀ ju owó búlọ́ọ̀kù lọ. A kò kọ́ ọ mọ́. Bíríkìlà kò rí iṣẹ́, oníyanrìn kò tajà, oníle kò rí owó ìsọ̀ tuntun gbà. Ta ló jèrè? Ní 2018, ìjọba ìpínlẹ̀ Delta ṣe òfin tó ka ìwà yìí léèwọ̀. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin tó wà nínú ìwé kò ní kí ẹni tó mú igi dání kó sọ ọ́ nù.

A kò gbọdọ̀ wá fi gbogbo ẹ̀bi ru onílé. Ẹ jẹ́ ká tọ́ka sí ara wa náà. Ní ọjọ́ tí a dé etí omi, ike omi, lailọ́ọ̀nù àti páńpẹ́sì ló ń léfòó lójú odò. Wọn kò bọ́ láti ọ̀run. Bí òjò bá rọ̀ ní Okumagba Layout, tí omi sì wọ ilé, a máa ń bú ìjọba. Ó yẹ ká bú u lóòótọ́ bí kò bá la gọ́tà. Ṣùgbọ́n ta ló ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà ní ìdájí? A mọ ara wa. Ohun tó bá wọ gọ́tà wa lónìí, odò ló ń lọ, ibẹ̀ ni ẹja tí a máa sè lọ́la wà. Ní 1988, gbogbo orílẹ̀-èdè yìí figbe ta nígbà tí wọ́n bá májèlé tí wọ́n kó láti Ítálì ní Koko. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ọdún yẹn gan-an ni ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ta ló máa figbe ta lórí èyí tí àwa fúnra wa ń dà síbẹ̀ lójoojúmọ́?

Ẹnìkan lè sọ pé odò ti kọjá ìgbà rẹ̀, pé títì àti rélùwéè ló kù. Ẹ jẹ́ ká wo ilé. Ejinrin ní etí ọ̀sà, láàárín Èkó àti Ìjẹ̀bú, ọjà ńlá ni láyé àtijọ́. Ọkọ̀ ojú omi láti Èkó máa ń kún ibẹ̀. Nígbà tí títì dé, tí ọkọ̀ akẹ́rù gba ibòmíràn, Ejinrin rọlẹ̀, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò sì mọ̀ pé ó ti jẹ́ nǹkan kan rí. Ẹ̀pẹ́ wà ní etí ọ̀sà kan náà. Títì dé bá òun náà, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ kò sọ odò nù. Ó so odò mọ́ títì. Títí dòní, àwọn ará Èkó ń wa mọ́tò lọ sí ọjà Olúwo nítorí ẹja. Omi kan náà ló gba ẹ̀yìn ìlú méjèèjì kọjá, títì kan náà ló dé bá wọn. Èyí tó fi títì gbé ọrọ̀ odò jáde kò kú.

Warri náà ní títì, ó sì ti ní rélùwéè. Iṣẹ́ rélùwéè Itakpe sí Warri bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ó sì di 2020 kí wọ́n tó ṣí i. Ujevwu ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa níbí. Bí èbúté bá jinlẹ̀, tí rélùwéè sì dé èbúté, ẹrù tó ń lọ sí Lokoja àti Àbújá kò ní láti máa jókòó sójú títì Apapa. Ohun tí Forcados ṣe fún Èkó láyé àtijọ́, Warri tún lè ṣe é fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìjọba ìpínlẹ̀ pé kó má dákẹ́ lórí ẹnu odò Escravos nítorí pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni. Onílé ní í pariwo bí òrùlé bá ń jò. Kí wọ́n sì tún èbúté kéékèèké ṣe, kí èrò rí aṣọ ìléfòó tó dára wọ̀, nítorí èyí tí a rí ní Waterside lọ́jọ́ náà, ògbólógbòó ni.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn onílé wa, Urhobo, Itsekiri àti Ijaw, kò gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá àwọn ọmọ tó ń gba "deve" lẹ́kun. Kì í ṣe àlejò nìkan ni wọ́n ń lé, ọjọ́ iwájú ara wọn ni wọ́n ń lé lọ.

Nípa tiwa, ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a má fi ẹsẹ̀ kan sínú ìjà ilẹ̀. Ẹni tó bá ń gbà wá nímọ̀ràn pé ká gbè sẹ́yìn ẹ̀yà kan nítorí pé èdè wọn jọ tiwa, tàbí nítorí pé àwọn ni onílé wa, kò fẹ́ wa fún rere. Ní 1952, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí àwọn ènìyàn wa wà nídìí rẹ̀, sọ oyè Olú Itsekiri di Olú Warri, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ọgbẹ́ ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì jinná. Àwọn tó ṣe òfin náà ti wà ní Ìbàdàn. Àwọn ará wa tó wà níbí ni ojú ń kán. Ilẹ̀ tí ìdílé méjì bá ń dù, ẹ má rà á, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká mú owó wa sún mọ́ odò. Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ ilé ńlá sílé tí ẹnikẹ́ni kò gbé, aláǹgbá nìkan ló ń ṣọ́ ọ. A kò ní ká má kọ́lé, ilé làbọ̀ sinmi oko. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, ṣé a kò lè dá owó ra fírísà ńlá kan sí etí omi, kí ẹja àwọn ìyá tó ń bọ̀ láti Burutu má máa bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́? Ṣé a kò lè di edé àti ẹja gbígbẹ dáadáa, kí àwọn ará wa ní Èkó àti London máa rà á lọ́wọ́ wa? Onísòwò tó jókòó de oníbàárà ní ìsọ̀ kò lè dà bí èyí tó mọ ibi tí oníbàárà ti ń bọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí etí odò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀wẹ̀ kọ́ wọn. Ẹ sọ Yorùbá sí wọn nílé, kí wọ́n sì kọ́ Urhobo tàbí Itsekiri lẹ́nu ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn Ìlàjẹ tó tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun ní 1947 fi hàn wá pé Yorùbá lè fi omi ṣe ilé. Òkun ń jẹ ìlú náà lónìí, àánú wọn sì ń ṣe wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé omi kì í ṣe tiwa.

Ẹnìkan dìde bi wá níparí ìpàdé pé, "Bí a bá ṣe gbogbo èyí, ṣé wọ́n á wá kà wá mọ́ ọmọ ìlú?" Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi irọ́ dá a lóhùn. Bóyá wọn kò ní kà wá. Ní 2015, wọ́n fi ìyá ọmọ ọba Tsola Emiko tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, láti ilé Fadahunsi, ṣe ìdí tí kò fi yẹ fún ìtẹ́. Ní 21 oṣù Kẹjọ 2021, ọmọ ìyá yẹn kan náà gorí ìtẹ́ ní Ode-Itsekiri, ó di Ogiame Atuwatse Kẹta. Ọdún mẹ́fà péré ló wà láàárín méjèèjì. A kò sọ pé ọ̀rọ̀ ọba kàn wá. Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé àṣà etí omi kì í dúró sójú kan, ó ń kún, ó ń fà. Ẹni tó bá di ẹrù lọ nígbà tó ń fà kò ní sí níbẹ̀ nígbà tó bá kún.

Bàbá wa àgbà, a kò bá yín jà o. Ẹ̀yin lẹ rí i, ẹ̀yin lẹ jìyà rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo la ní: Sátidé tó ń bọ̀, a tún ń lọ sí Miller Waterside, ìyá ẹlẹ́ja ti ṣèlérí pé òun máa fi oníbàárà aṣọ mẹ́ta mọ̀ yín láti inú odò. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Bí a bá dé ibẹ̀ tí ẹ sì tún sọ pé Warri ti tán, àwa fúnra wa la máa bá yín di ẹrù.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi tán lẹ́yìn wa o. Ó dìgbà kan ná.